ALÁGBẸ̀DẸ WÚRÀ LÓRÍ ODI

Ẹ̀kọ́ Kẹjọ: Fún Kíláàsì Àwọn Àgbà

Bíbélì Kíkà: Nehemáyà 3:1-12, 4:6-23, 5:1-13
Ẹsẹ Àkọ́sórí: Nehemáyà 4:6
Kókó Ẹ̀kọ́: Ìfọkàntán láàrin àwọn tí ń ṣiṣẹ́ pọ̀, pàápàá nígbà tí iṣẹ́ bá ń yí padà

Kíkà Ojoojúmọ́
Ajé: Ẹ́ksódù 18:13-26
Ìṣẹ́gun: Nehemáyà 2:11-20
Ọjọ́rú: Nehemáyà 3:1-32
Ọjọ́bọ̀: Nehemáyà 4:1-23
Ẹtì: Nehemáyà 5:1-19
Àbámẹ́ta: II Àwọn Ọba 12:4-15
Àìkú: II Kọ́ríńtì 8:16-22

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ̀kọ́ tòní kò jìnnà sí ibi tí púpọ̀ nínú wa yóò wà ní òwúrọ̀ ọ̀la. Lọ́la ni Ọjọ́ Ajé. Ẹlòmíràn nínú kíláàsì yìí yóò lọ sí Sẹkitéríàtì ní Agódi, ẹlòmíràn yóò wọ ọkọ̀ ní Challenge lọ sí Dùgbẹ̀, ẹlòmíràn yóò ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Agbowó, ẹlòmíràn yóò sì lọ dúró ti ẹrù oúnjẹ tí wọ́n ń já nínú ọkọ̀ ní ọjà Bódìjà. Níbikíbi tí a bá ń lọ, a ó bá àwọn ènìyàn kan níbẹ̀ tí kì í ṣe àwa ni a yàn wọ́n. Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí bí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ṣe lè fọkàn tán ara wọn nígbà tí iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ bá ń yí padà mọ́ wọn lọ́wọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìyípadà yìí jẹ́ ohun tuntun ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976, nígbà tí ìjọba pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó, àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti jọ ń jókòó nínú yàrá kan ní Agódi bẹ̀rẹ̀ sí palẹ̀ ẹrù mọ́. Àwọn kan gba ọ̀nà Abẹ́òkúta lọ, àwọn mìíràn gba ọ̀nà Àkúrẹ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, wọ́n tún yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́, ọ̀pọ̀ akọ̀wé sì tún di ẹrù rẹ̀, ó di Òṣogbo. Ìbéèrè kékeré yìí, "Ọmọ ibo ni yín?", tí ènìyàn ń fi ẹ̀rín bi ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀, di ìbéèrè tí owó oṣù ènìyàn rọ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ Dùgbẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2004, Báńkì Àpapọ̀ ti Nàìjíríà kéde pé báńkì tí owó ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò bá pé bílíọ̀nù 25 náírà kí ọdún 2005 tó parí kò ní lè dá dúró mọ́. Báńkì 89 ló wà nígbà náà. Nígbà tí gbèdéke pé, 25 ló kù. Co-operative Bank, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn níbí ní 1953, wà lára àwọn tí ó para pọ̀: òun àti Prudent, EIB, Bond àti Reliance ni wọ́n di Skye Bank ní 2006. Ẹ rò ó wò. Àwọn ènìyàn láti ilé márùn-ún, tí ilé kọ̀ọ̀kan ní bí ó ṣe ń kọ ìwé owó rẹ̀, tí ó sì ní àwọn tí ó ń pè ní ọ̀gá, ni wọ́n kó sábẹ́ òrùlé kan. Ènìyàn márùn-ún wá di ẹni tí ń wo àga kan ṣoṣo. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Skye Bank, Polaris sì bọ́ sípò rẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Co-operative Bank nígbà èwe rẹ̀, tí ó sì fara dà á débẹ̀, ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ orúkọ mẹ́ta láìkó kúrò nílùú.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn oníṣẹ́ kéékèèké. Níwájú ẹnubodè Yunifásítì, ní Agbowó, taipuráítà ni wọ́n fi ń tẹ ìwé àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí. Kọ̀ǹpútà dé, ó sì gba iṣẹ́ náà. Ẹni tí ìka rẹ̀ yá jù lọ lórí taipuráítà di ẹni tí ń bẹ ọmọdé kí ó wá fi bọ́tìnnì han òun.

Ohun tí ìyípadà máa ń kọ́kọ́ ṣe sí ọmọ ènìyàn ni pé ó ń mú kí ó fi nǹkan pamọ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ a fi ìmọ̀ rẹ̀ pamọ́ kí wọ́n má baà rí ẹlòmíràn fi rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ a fi àìmọ̀ tirẹ̀ pamọ́ nítorí ìdí kan náà. Ọ̀gá a fi ìròyìn pamọ́. Kò ní pẹ́ tí ènìyàn mẹ́wàá yóò fi máa jókòó nínú yàrá kan, tí wọn yóò máa kí ara wọn ẹ káàárọ̀, tí kò sì ní sí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú dúróà ẹnì kejì. Ibẹ̀ ni ìfọkàntán ti ń kú. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í ṣe ìkórìíra, ẹ̀rù ni. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ìwé Nehemáyà lè ràn wá lọ́wọ́ ju ìwàásù gbogboogbò lórí ìfẹ́ lọ.

ÀWỌN TÍ KÌ Í ṢE MỌLÉMỌLÉ

Ní nǹkan bí ọdún 445 ṣáájú ìbí Olúwa wa ni Nehemáyà kúrò láàfin ọba Páṣíà, tí ó wá tún odi Jerúsálẹ́mù mọ. Púpọ̀ nínú wa ni kì í ka orí kẹta ìwé rẹ̀ parí. Orúkọ ni lókè, orúkọ ni nísàlẹ̀, orúkọ tí ń lọ́ ahọ́n pọ̀. N kò dá yín lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi fi ojú òṣìṣẹ́ kà á lónìí.

Ní ẹsẹ kìn-ín-ní, olórí àlùfáà àti àwọn àlùfáà bíi tirẹ̀ ni wọ́n dìde tí wọ́n mọ Ẹnubodè Àgùntàn. Ní ẹsẹ kẹjọ, alágbẹ̀dẹ wúrà kan ń tún odi ṣe, ẹni tí ń po òróró olóòórùn dídùn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ẹsẹ kejìlá, ìjòyè kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀. Ní ìparí orí náà, a tún rí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà àti àwọn oníṣòwò. Iṣẹ́ tí a fi mọ púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ilé mímọ rárá.

Ẹ dúró díẹ̀ lórí alágbẹ̀dẹ wúrà yìí. Ọwọ́ tí ó mọ ẹ̀mú kékeré, tí ó mọ bí a ti ń mú òrùka ọmọge sórí iná láìjẹ́ kí ó jóná, ni ó ń ki ọwọ́ bọ abẹ́ òkúta tí ènìyàn méjì kò lè gbé. Gbogbo ohun tí ó sọ ọ́ di ẹni ọ̀wọ̀ ní ọjà kò wúlò fún un lórí odi yẹn. Ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ gan-an, ní ẹsẹ keje, jẹ́ ará Gíbéónì, ará oko lójú ará Jerúsálẹ́mù. Bí alágbẹ̀dẹ wúrà náà kò bá mọ bí a ṣe ń to òkúta lé òkúta, ta ni yóò bi? Bíbélì kò sọ fún wa ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ. Ó kàn sọ pé ní ọjọ́ 52 odi náà parí (6:15).

Bí ó bá ti fi àìmọ̀ rẹ̀ pamọ́ ńkọ́? Apá tirẹ̀ ìbá wó, ìwó apá tirẹ̀ ìbá sì fa apá ará Gíbéónì lulẹ̀, nítorí odi kan náà ni.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti le fún àwa Yorùbá, kí a má tan ara wa. Àgbà kì í fẹ́ràn láti bi ọmọdé léèrè iṣẹ́. Ọmọdé náà kì í sì mọ bí òun yóò ṣe kọ́ àgbà láìdà bí aláfojúdi. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan yẹ̀ ẹ́ wò.

Ká sọ pé màmá kan wà ní ọ̀fíìsì kan ní Ríìngì Róòdù, tí ó ti lo ọdún 26 nídìí ìwé owó. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà dé. Wọ́n gba ọmọkùnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, wọ́n fi í sí tábìlì tó kọjú sí ti màmá. Màmá sọ pé ojú ń dun òun, pé iná ẹ̀rọ náà kò bá òun lára mu. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ni pé ó ń kó iṣẹ́ lọ sílé lálaalẹ́, ọmọ rẹ̀ àbíkẹ́yìn ni ó ń bá a tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ kan, iye owó kò bá ara wọn mu. Màmá ní nẹ́tíwọ̀kì ni. Ọmọkùnrin yìí mọ̀ pé kì í ṣe nẹ́tíwọ̀kì.

Ọ̀nà méjì ló ṣí sílẹ̀ fún un. Ó lè lọ bá ọ̀gá nínú yàrá, kí ó tòótọ́ sọ ohun tó rí. Kò ní purọ́ kankan, bóyá wọn yóò sì fún un ní ipò màmá. Tàbí kí ó dúró di ìgbà oúnjẹ ọ̀sán, nígbà tí àwọn ènìyàn bá ti jáde, kí ó sún àga mọ́ tábìlì màmá, kí ó sì wí pé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, àwọn oníbàárà tí wọ́n ń wá yìí, ẹ̀yin ni ẹ mọ gbogbo wọn. Ìwé wọn àtijọ́ kò yé mi rárá. Ẹ bá mi là á yé mi. Èmi náà á máa jókòó tì yín nídìí ẹ̀rọ yìí ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójoojúmọ́, a ó jọ tún èyí tó ṣì ṣe."

Ẹ kíyè sí i pé àìmọ̀ tirẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gbé sílẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀tàn. Òótọ́ ni pé kò mọ àwọn oníbàárà náà. Màmá mọ ẹni tí kì í san gbèsè àfi tí a bá rán an létí lẹ́ẹ̀mejì. Ó mọ ẹni tí orúkọ rẹ̀ yí padà nígbà tó lọ́kọ, àti ẹni tí fáìlì rẹ̀ sọnù, bí wọ́n sì ṣe tún un kọ. Kò sí èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Bí màmá bá fẹ̀yìn tì lọ́dún tó ń bọ̀ láìsọ ọ́, ó bá a lọ nìyẹn.

Kí màmá náà tó lè dá a lóhùn pé, "Ọmọ mi, o ṣeun, n kò mọ ẹ̀rọ yìí lò," ó gba ìgboyà. Mo rò pé ó gba ìgboyà ju ti ọmọkùnrin náà lọ. Àwọn àgbà kan yóò sáré sọ pé, "Nígbà tí a dé ibí, wọn ò tíì bí i." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ka ẹsẹ karùn-ún. Àwọn ará Tékóà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́lá wọn kò fi ọrùn wọn sábẹ́ iṣẹ́ náà. Nehemáyà kọ ọ́ sílẹ̀, a sì ń kà á di òní olónìí. Ní ẹsẹ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, àwọn ará Tékóà tún mọ apá kejì.

Kí ni a ń pe irú pàṣípààrọ̀ tí màmá àti ọmọkùnrin yìí ṣe? Àwọn baba wa ní orúkọ fún un kí ilé iṣẹ́ òyìnbó tó dé: àáró ni. Ìyàtọ̀ wà láàrin àáró àti ọ̀wẹ̀, àwọn ọmọ wa kò sì mọ̀ ọ́n mọ́. Ọ̀wẹ̀ ni kí ènìyàn pe àwọn ará àti àna kí wọ́n wá bá òun ṣiṣẹ́ kan lọ́jọ́ kan, kí ó sì pèsè oúnjẹ àti ohun mímu fún wọn. Lẹ́yìn èyí, oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Ní ti àáró, lónìí gbogbo wa wà lóko tìrẹ, ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e a wà lóko tèmi, títí yóò fi yí gbogbo wa ká. Gbogbo ẹgbẹ́ mọ oko tí ó kàn. Ẹni tí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ lóko rẹ̀ kò gbọdọ̀ di àwátì nígbà tó bá kan oko ẹlòmíràn.

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ lónìí ń ṣe ọ̀wẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní ìṣọ̀kan. Wọ́n á dá aṣọ kan náà, wọ́n á se ìrẹsì ní ìparí ọdún, ọ̀gá á jó, wọ́n á ya fọ́tò. Ìrẹsì kò burú, èmi náà a máa jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kìn-ín-ní, oníkálukú á padà sídìí dúróà rẹ̀ tí ó tì pa. Ẹni tí ó wá sí oko mi, tí èmi náà sì ti lọ sí oko rẹ̀, ni mo lè fọkàn tán, nítorí ó ti rí ibi tí koríko mi kún sí.

ÌPÈ KAN FÚN GBOGBO ODI

Ní orí kẹrin, ẹ ó rí i pé àárẹ̀ ti mú àwọn tí ń ru ẹrù (ẹsẹ 10), àhesọ sì gba ìlú kan. Ẹsẹ 12 sọ pé àwọn Júù tí ń gbé nítòsí ọ̀tá wá sọ ọ̀rọ̀ ìdẹ́rùbà kan náà nígbà mẹ́wàá. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń sọ pé wọ́n fẹ́ dín ènìyàn kù mọ ohun tí nígbà mẹ́wàá ń ṣe sí ọkàn. Lónìí kò tilẹ̀ dúró ní mẹ́wàá, nítorí orí fóònù ni àhesọ ń gbà, ó sì ti dé Apẹtẹ́ kí ọ̀gá tó sọ̀ kalẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Nehemáyà kò pàṣẹ pé kí wọ́n pa ẹnu mọ́. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ náà tóbi, odi náà gùn, wọ́n sì jìnnà sí ara wọn (ẹsẹ 19). Nítorí náà ó fi afọnìpè sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, ó sì sọ fún gbogbo ènìyàn pé ibi tí wọ́n bá ti gbọ́ ìpè ni kí wọ́n sá sí. Ìtumọ̀ èyí ni pé bí ewu bá dé, gbogbo wọn yóò gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà, láti ibi kan náà. Kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó dírẹ́bà ọ̀gá.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé ṣé Nehemáyà fúnra rẹ̀ kò fi nǹkan pamọ́? Ó fi í pamọ́. Ní orí kejì, ó jáde lóru pẹ̀lú ènìyàn díẹ̀, ó wo odi, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìdí rẹ̀ àti bí ó ti pẹ́ tó. Ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i kí ó tó sọ̀rọ̀. Nígbà tó rí i tán, ó pè wọ́n, ó sọ bí odi ṣe bàjẹ́ tó láìbù ú lọ́wọ́. Ọ̀gá tí kò tíì mọ òótọ́ lè dákẹ́ díẹ̀. Ọ̀gá tó ti mọ̀ pé ní ìparí oṣù ènìyàn mẹ́fà yóò lọ, tí ó sì ń fi ẹ̀rín bá wọn jẹ mọ́ínmọ́ín títí ọjọ́ tí lẹ́tà fi dé, ẹ̀tàn ló ń ṣe. Àwọn mẹ́fà á lọ. Àwọn tó kù kò ní gba ẹ̀rín rẹ̀ gbọ́ mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, nítorí nínú ìdàpọ̀ bíi ti 2005 kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni àga yóò tó fún. Onígbàgbọ́ tó wà nípò kò lè ṣèlérí pé kò sí ẹni tí yóò lọ. Ohun tó lè ṣe ni kí ó tètè sọ ọ́, kí baba tí owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀ lè ní oṣù mẹ́ta láti fi wá ọ̀nà, dípò ọjọ́ mẹ́ta.

NÍGBÀ TÍ OWÓ DÁ Ọ̀RỌ̀ SÍLẸ̀

Sáńbálátì àti Tòbíà kò lè dá iṣẹ́ náà dúró láti ìta. Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a dúró ti inú wá, ní orí karùn-ún, owó sì ni. Àwọn tí ń mọ odi ní ọ̀sán ti fi oko àti ilé wọn dúró fún gbèsè, lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ ń mọ odi. Àwọn kan ti fi ọmọ wọn sí oko ẹrú. Ẹ fojú inú wo ẹni tí ó gbé òkúta fún arákùnrin rẹ̀ ní agogo mẹ́jọ, tí arákùnrin kan náà sì wá béèrè èlé lọ́wọ́ rẹ̀ ní agogo mẹ́rin.

Ẹ tẹ̀ lé ohun tí Nehemáyà ṣe. Inú bí i, ó sì bá ọkàn ara rẹ̀ rò ó kí ó tó sọ̀rọ̀ (ẹsẹ 6-7). Kò fi ọ̀rọ̀ náà sí abẹ́ ẹní nítorí pé odi kò gbọdọ̀ dúró. Ó pe ìpàdé ńlá. Bí ó sì ti ń bá àwọn ọlọ́lá wí, ó jẹ́wọ́ ní ẹsẹ kẹwàá pé òun àti àwọn ará òun pẹ̀lú àwọn ìránṣẹ́ òun náà ń yá àwọn ènìyàn lówó àti ọkà, ó sì ní kí gbogbo wọn jọ dá èlé náà dúró. Ó ka ara rẹ̀ mọ́ wọn. Mo gbà pé gbólóhùn yẹn ló ṣí ọwọ́ àwọn ọlọ́lá. Lójú gbogbo ènìyàn ni wọ́n ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn yóò dá oko àti ilé padà.

Láti ọdún 1935 ni òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti wà ní Nàìjíríà, àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ wa sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Bóyá ni ọ̀fíìsì ńlá kan wà ní Ìbàdàn lónìí tí kò ní tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti rí owó ra ilẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ọ̀rẹ́ ọlọ́dún mẹ́wàá ti ń túká. Ẹnì kan ń yá owó, ẹni méjì tí wọ́n jọ wà ní yàrá kan fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí onídùúró. Ìyípadà dé, wọ́n gbé ẹni náà lọ sí ìlú mìíràn, tàbí wọ́n dá a dúró níṣẹ́. Kò gbé fóònù mọ́. Lópin oṣù, owó oṣù àwọn onídùúró rẹ̀ ni wọ́n gé. Ẹ̀yin tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí mọ̀ pé kì í ṣe owó tó lọ ni ó ń dunni jù, fóònù tí kò gbé ni. Bí ó bá ti pè, tí ó sì wí pé, "Ẹ̀gbọ́n, nǹkan ti bàjẹ́, ẹ jẹ́ kí a jọ lọ bá akọ̀wé ẹgbẹ́," ọ̀rọ̀ náà ìbá gba ibòmíràn yọ.

Àwọn kan ń rò pé bí a bá fọkàn tán ara wa, a kò ní máa ka owó lójú ara wa. Ìwé II Àwọn Ọba 12 kọ́ wa ní òdìkejì. Ní ìgbà ọba Jóáṣì, àwọn àlùfáà ni wọ́n ń gba owó àtúnṣe ilé Olúwa, ó sì di ọdún kẹtàlélógún ìjọba rẹ̀, wọn kò tíì tún ohunkóhun ṣe. Kò sí ibi tí a ti pè wọ́n ní olè. Kò sí ìlànà ni. Wọ́n wá dá ihò sí ìdérí àpótí kan, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Nígbà tó bá kún, akọ̀wé ọba àti olórí àlùfáà, àwọn méjèèjì, á jọ ka owó náà, wọ́n á sì dì í sínú àpò. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni ẹsẹ 15 wá sọ pé wọn kì í béèrè ìṣirò lọ́wọ́ àwọn tí ń pín owó fún àwọn òṣìṣẹ́, nítorí olóòótọ́ ni wọ́n. Àpótí àti ẹni méjì tí ń kà á ló kọ́kọ́ wà kí ìfọkàntán yẹn tó dé.

Pọ́ọ̀lù pẹ̀lú ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ń kó ọrẹ ránṣẹ́ sí Jerúsálẹ́mù, kò fi í lé Títù nìkan lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fẹ́ràn Títù. Ó fi àwọn arákùnrin mìíràn tì í, ó sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni má baà rí àbùkù kan sọ ni (II Kọ́ríńtì 8:20-21). Akápò tí ń bínú nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹlòmíràn bá òun ka owó kò tíì lóye pé ààbò tirẹ̀ ni.

Ọ̀RỌ̀ FÚN OLÙKỌ́

Ó lè jẹ́ pé ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan náà ń jókòó pọ̀ nínú kíláàsì rẹ. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìjíròrò òní ju òkò sí ẹlòmíràn. Bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ kan orúkọ ilé iṣẹ́ tàbí orúkọ ènìyàn, fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ darí rẹ̀ padà sí orí odi. Bí ẹnì kan bá sì sọ pé wọ́n ti dá òun dúró níṣẹ́, má ṣe sáré fún un ní ẹsẹ Bíbélì. Jẹ́ kí kíláàsì gbọ́ ọ tán, kí ẹ sì béèrè irú iṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, nítorí ẹnì kan nínú yín lè mọ ibi tí wọ́n ti ń wá irú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Nínú iṣẹ́ tí o ń ṣe, kí ni ìwọ nìkan mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ní rí kọ́ bí o bá kúrò níbẹ̀ lọ́la? Kí ló dé tí o kò tíì sọ ọ́?

2. Báwo ni ọmọdé ṣe lè kọ́ àgbà níṣẹ́ nílẹ̀ Yorùbá láìtàbùkù sí i? Kí àwọn àgbà inú kíláàsì kọ́kọ́ dáhùn.

3. Ka Nehemáyà 5:10. Kí ni ìbá ṣẹlẹ̀ bí Nehemáyà bá ti bá àwọn ọlọ́lá wí láìka ara rẹ̀ mọ́ wọn?

4. Ìgbà wo ni dídákẹ́ ọ̀gá jẹ́ ọgbọ́n, ìgbà wo ni ó sì di ẹ̀tàn? Ẹ fi Nehemáyà 2:11-18 wọ̀n ọ́n.

5. Ṣé ẹnì kan wà tí o ṣe onídùúró fún, tàbí tí ó ṣe onídùúró fún ọ, tí ẹ kò tíì bá ara yín sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà? Má dáhùn èyí ní kíláàsì. Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ?